Kholop 2: láti 1860 sí 1812, ẹrù wo ló ṣì wúlò, èwo ni ká fi sílẹ̀?

Ọmọ_Sẹ́ẹ̀tì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Fíìmù apanilẹ́rìn-ín Rọ́síà, Kholop, tí Klim Shipenko darí, tó jáde ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2019, ọdún 1860 ni wọ́n ní abúlé inú rẹ̀ wà. Nígbà tí apá kejì dé sinimá ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2024, wọ́n ti fà á sẹ́yìn dé 1812, ìgbà tí Napoleon gbógun wọ Rọ́síà. Ọdún 48 ló wà láàárín méjèèjì.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú apá kejì báyìí, kí ló lè kó nínú ẹrù apá kìíní (aṣọ, irinṣẹ́, àti àwọn ohun tí wọ́n tò sí sẹ́ẹ̀tì), kí ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn? Ìkejì: nínú ìtàn yẹn, ayédèrú ni abúlé náà. Àwọn kan ló kọ́ ọ láti fi tan ọmọ olówó tó ti bàjẹ́. Bí ohun kan kò bá wá bá ọdún mu, ṣé àṣìṣe la máa pè é, àbí ó bá ìtàn mu?

Bàbá_Irinṣẹ́

Ẹ kú ìbéèrè. Ibi iná ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí iná ló máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí ọdún. Àtùpà epo òyìnbó bá 1860 mu, 1853 ló ti jáde. Kò gbọdọ̀ yọjú ní 1812. Ìṣáná náà kò tíì sí, 1826 ni John Walker ṣe é nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ọlọ́lá a máa tan àbẹ́là ìda, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ a tan ti ọ̀rá ẹran. Nínú ilé àgbẹ̀, luchina ni wọ́n ń tàn: igi gbígbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n là, tí wọ́n há mọ́ ẹnu irin kan, tí wọ́n sì gbé omi sábẹ́ rẹ̀. Kì í pẹ́ jó tán. Bí ẹyín iná bá já sínú omi, á dún ṣìì. Kí ẹni tó ń gba ohùn gba ìró yẹn sílẹ̀ lọ́tọ̀, torí bó bá já lu àárín ọ̀rọ̀ òṣèré, kò sí bí ẹ ṣe máa yọ ọ́ kúrò. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò sì tó fún kámẹ́rà. Ẹ fi gílóòbù kékeré aláwọ̀ ọsàn pamọ́ sẹ́yìn ọ̀pá irin náà, kó máa mì bí iná ṣe ń mì.

Ilé onígi fúnra rẹ̀ kò níṣòro. Ilé àgbẹ̀ 1812 àti ti 1860 jọra gan-an: ìtì igi páìnì, ewéko moss tí wọ́n ki sáàárín wọn kí òtútù má bàa wọlé, ààrò ńlá tí wọ́n ń sùn lé lórí. Bàtà èèpo igi, dòjé, kẹ̀kẹ́ ẹṣin, gbogbo rẹ̀ ṣe é kó. Pátákó àfiṣàmì náà ṣe é lò, torí lẹ́tà àtijọ́ tí wọ́n kò yí padà títí di 1918 ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ohun tó máa ń da ilé rú ni irinṣẹ́ tí wọ́n fi ṣe igi. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà kan tí wọ́n fi pákó ẹ̀rọ ṣe, nígbà tí oòrùn bá ń tàn án láti ẹ̀gbẹ́: ẹ ó rí ilà tó tẹ̀ bí oṣù lé, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, láti òkè dé ilẹ̀. Àmì ayùn olóbìírí nìyẹn. Ojú àáké ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìṣó olórí roboto. Ìṣó tí alágbẹ̀dẹ rọ, tó ní igun mẹ́rin, ni kí ẹ fi bò ó.

Igi tuntun máa ń pọ́n bí àgbàdo, kò ní jọ ilé tó ti gbó. Ẹ fi iná gáàsì jó ojú rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbo ó tẹ̀lé ìlà igi títí apá tó rọ̀ á fi wọnú, kí ẹ wá fi omi ferrous sulphate kùn ún. Gíráámù 50 nínú omi lítà 1 tó láti fi dán an wò. Ẹ má fi bó ṣe rí nígbà tó tutù ṣèdájọ́: kò ní dà bí ẹní yí padà, lẹ́yìn náà á wá di eérú. Ọ̀pọ̀ ló ti kùn ún lẹ́ẹ̀mejì nítorí ìkánjú, tí igi wọn wá dúdú bí èédú.

Ẹ fi àkọ́díánì ìlú Tula sílẹ̀, lẹ́yìn 1830 ló gbilẹ̀. Balalaika, ohun èlò orin olókùn, ni kí ẹ gbé jáde. Ọmọláńgídi matryoshka kò bá ọdún méjèèjì mu rárá, ẹ̀yìn 1890 ló dé. Nínú ìkòkò àgbẹ̀, ẹ yọ pòtétò: títí di 1840 sí 1844 làwọn àgbẹ̀ ṣì ń dìde ogun nítorí pé ìjọba ní kí wọ́n gbìn ín. Kábéèjì, turnip àti búrẹ́dì rye ló yẹ.

Aránṣọ_Ogun

Mo gba ti Bàbá, àmọ́ aṣọ ló máa ná yín lówó jù. Aṣọ obìnrin ọlọ́lá 1860 kò wúlò rárá. Abẹ́ rẹ̀ ní òrùka irin tó jẹ́ kó fẹ̀ bí agogo. Ti 1812 fún ní abẹ́ ọmú, ó sì ṣàn tààrà wálẹ̀. Ẹ kò lè tún un rán, ẹ kàn máa ba aṣọ gidi jẹ́ ni. Ẹ ṣọ́ àwọ̀ pẹ̀lú: elésè àlùkò tó ń tàn yòò, látinú oògùn aró tí wọ́n rí ní 1856 ló ti jáde.

Ní ti ọmọ ogun, àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn ni ti Rọ́síà, àwọ̀ aró tó ṣókùnkùn ni ti Faransé. Nínú èéfín, méjèèjì á di dúdú lójú kámẹ́rà, òǹwòran kò sì ní mọ ẹni tí òun á fi rẹ́rìn-ín. Àyà funfun ará Faransé ni kí ẹ fi pín wọn, àti shako, fìlà ológun gíga: ti Rọ́síà tọdún 1812 tẹ̀ kòtò láàárín orí, ti Faransé tẹ́jú. Irùngbọ̀n wà fún àgbẹ̀ tí wọ́n kó wọ ogun; ọ̀gágun ẹlẹ́sẹ̀ kì í dá túbọ̀mu (irun orí ètè) sí, àwọn hussar, ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin, ló ń dá a sí. 1832 ni wọ́n tó gbà á láyè fún gbogbo ọ̀gágun.

Ibi tí ẹ̀rín gidi wà nìyí: àwọn ọlọ́lá Rọ́síà, èdè Faransé ni wọ́n ń bá ara wọn sọ. Denis Davydov, ọ̀gá hussar tó ń jagun lẹ́yìn ọ̀tá, kọ ọ́ pé àwọn ará abúlé ń kọlu àwọn òun nítorí wọ́n rò pé ọ̀tá ni wọ́n. Ló bá wọ káfútáànì àgbẹ̀, ó dá irùngbọ̀n sí, ó so àwòrán Nikola Mímọ́ mọ́ àyà. Ẹ kò ní láti dá àwàdà kankan sílẹ̀.

Ọmọ_Sẹ́ẹ̀tì

Ẹ ṣeun gan-an. Ìbọn ńkọ́?

Aránṣọ_Ogun

Ṣakabùlà olókùúta ni, kì í ṣe èyí tó ń lo káàpù (ìdérí kékeré tí ìbọn ń lù kó lè gbiná). Ojú ibi tí ẹ̀tù ti ń gbiná wà lápá ọ̀tún, iná rẹ̀ sì ń tu sí ẹni tó dúró lọ́tùn-ún. Bí àwọn ọmọ ogun bá tò súnmọ́ra, ẹ fi ìbòjú idẹ dí i. Ẹ yọ ọ́ nígbà tí kámẹ́rà bá súnmọ́ tí kò sì sẹ́nì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ki ìwé tàbí òwú sẹ́nu ìbọn, torí á jáde bí ọta tó ń jó. Ọ̀pá ìkìbọn kò gbọdọ̀ wọnú ìbọn lójú ìjà. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ níbẹ̀ ti ta ọ̀kọ̀ nìyẹn. Òkúta á kú lẹ́yìn bí ìyìnbọn 20 sí 30. Bí ìbọn kò bá dún, ọ̀rinrin tó wọnú ìdọ̀tí ẹ̀tù ló sábà ń fà á: ẹ nu ún, kí ẹ gbẹ ẹ́, kí ẹ tó gbìyànjú mìíràn. Àwọn ẹṣin ní tiwọn, láti òkèèrè ni kí ẹ ti máa yìnbọn kí etí wọn lè mọ́ ọn, fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n tó súnmọ́ sẹ́ẹ̀tì.

Kámẹ́rà_Ìkọ̀kọ̀

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè kejì, òun ló ká mi lára jù. Àṣìṣe pín sí méjì. Èyí tí àwọn ẹlẹ́tàn inú ìtàn ṣe, àti èyí tí àwọn tó ń ya fíìmù ṣe. Ti àkọ́kọ́ dára púpọ̀, ó sì yẹ kó wà, bí ẹnìkan láti yàrá ìṣọ́, níbi tí àwọn ẹlẹ́tàn ti ń fi kámẹ́rà ìkọ̀kọ̀ wo abúlé, bá rí i tó sì kígbe. Bí aago ọwọ́ bá yọ lára “àgbẹ̀” kan tí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sí, òǹwòran kò ní rẹ́rìn-ín. Á kàn rò pé ẹ kò mọṣẹ́ ni. Ìtàn dúró lórí pé ẹni tí wọ́n ń tàn gbà á gbọ́. Nínú ìwé ẹrù, ẹ kọ orúkọ ẹni inú ìtàn tó ṣe àṣìṣe kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tí kò lórúkọ, ẹ tún un ṣe.

Yàrá ìṣọ́ fúnra rẹ̀, ẹ yà á kẹ́yìn. Àwòrán abúlé ló máa hàn lójú tẹlifísọ̀n ibẹ̀, kò sì sí bí ẹ ṣe máa fi hàn kí ẹ tó yà á. Nígbà tí ẹ bá wà lábúlé, ẹ gbé kámẹ́rà kékeré sí ibi tí àwọn ẹlẹ́tàn fi pamọ́ sí gan-an, bóyá inú ilé ẹyẹ, kó lè wo ilẹ̀ láti ibẹ̀. Bí àwòrán bá wá láti ibi tí kò sí ihò, ojú òǹwòran á mọ̀.

Iná mànàmáná Rọ́síà jẹ́ 50 Hz. Bí ẹ bá ń ya 24 fireemù ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ gbé shutter (ohun tó ń ṣí ojú kámẹ́rà sí ìmọ́lẹ̀) sí 172.8°, kí gílóòbù má bàa máa ṣẹ́jú. Ẹ jẹ́ kí fídíò tó ń lọ lójú tẹlifísọ̀n náà jẹ́ 24. Bó bá jẹ́ 25, ilà dúdú lè máa rìn lọ lójú rẹ̀.

Bàbá_Irinṣẹ́

Mo gbà pẹ̀lú yín, Kámẹ́rà_Ìkọ̀kọ̀. Kí n kan fi ọjọ́ kún un: bí lẹ́tà bá wà nínú ìtàn, ọjọ́ Rọ́síà nígbà náà fi 12 rẹ̀yìn sí ti Faransé. Ogun Borodino jẹ́ 26 oṣù Kẹjọ fún ará Rọ́síà, 7 oṣù Kẹsàn-án fún ará Faransé. Kí àwọn méjèèjì tó fi ọwọ́ sí ìwé kan náà, ẹ pinnu ọjọ́ ta ni ẹ máa kọ sórí rẹ̀.