Mo ta ìró sányán ìyá mi, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́

Ọmọ Màmá:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Lẹ́yìn ìsìnkú ìyá mi, gbèsè kánópì àti àga ṣì wà nílẹ̀, ni mo bá ṣí àpótí wọn, mo kó ìró sányán wọn àti ìborùn ẹ̀ fún obìnrin kan tó máa ń ra ògbólógbòó aṣọ òkè kiri, 35,000 náírà ló kà fún mi, mo tiẹ̀ rò pé mo jèrè. Àfìgbà tí àbúrò mi obìnrin dé láti Ìbàdàn tó ní sányán màmá dà, òun fẹ́ ró o lọ́jọ́ ìdána òun. Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ìró yẹn ni wọ́n ró lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ mi, ó wà nínú fótò. Ibì kan wà nísàlẹ̀ ẹ̀ tí eku jẹ, òwú funfun ni wọ́n fi rán an torí wọn ò rí èyí tó bá a mu, tí mo bá ti dijú báyìí òwú funfun yẹn ni mo ń rí. Ṣé kí n lọ hun irú ẹ̀ ni àbí kí n máa wá a?

Ọmọ Alófì:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìdí òfì ni wọ́n bí mi sí n'Ísẹ́yìn, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ mú fótò yẹn wá, wọ́n á hun ún, á sì jọ ọ́. Ṣùgbọ́n sányán àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní baba aṣọ, ara ilé kòkòrò inú igbó ni wọ́n ti ń rí òwú ẹ̀, wọ́n á sè é, wọ́n á fọwọ́ ran án, àwọ̀ tó ní yẹn àwọ̀ ara ẹ̀ ni. Òwú ilé iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ wa báyìí. Ẹni tó bá ti di ti màmá mú rí á mọ̀ lọ́wọ́ pé kì í ṣe òun. Ẹ kọ́kọ́ wá tiwọn ná.

Ìyá Ìbejì:
Ọmọ mi, pe obìnrin yẹn lónìí, má dúró dọ̀la, torí àwọn kan ń gé aṣọ yẹn fi ṣe báàgì àti bàtà. Èmi náà ta iyùn ìyá ìyá mi lọ́dún tí ọkọ mi ṣàìsàn. Mi ò kábàámọ̀ pé mo fowó ẹ̀ tọ́jú ọkọ mi o, ohun tó ń dùn mí ni pé mi ò sọ fún ẹnì kankan nílé kí n tó tà á, ẹ̀gbọ́n mi ì bá rà á. Títí dòní tí mo bá dé òde ìnáwó, ọrùn àwọn èèyàn ni mo máa ń wò. Sọ òótọ́ fún àbúrò ẹ, má sọ pé ó sọnù.

Ọmọ Màmá:
Ẹ ṣé gan-an mà. Mo ti pè é. Ó ní oníbáàgì kan n'Ékòó ló ra ìró, wọ́n ti gé e. Ìborùn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, 20,000 ló pè é, mi ò ná an. Mo ti sọ fún àbúrò mi, ó sunkún, ó wá ní ká jọ lọ gbà á. Àárọ̀ ọ̀la la ń lọ.