Mítà mẹ́fà lórí wáyà RS485 kan, wọn ò dáhùn

OmoOnina: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Àtàná ni mo ti wà lórí iṣẹ́ yìí n'Ìbàdàn, ilé ayálégbé ni, mítà kan fún fúláàtì kan, mẹ́fà lápapọ̀, èdè Modbus RTU ni kọ̀ǹpútà fi ń bá wọn sọ̀rọ̀, mo fa wáyà RS485, ìyẹn okùn méjì, A àti B, tó ń gbé ọ̀rọ̀ wọn, láti ìdí ọ̀kan bọ́ sí ìdí èkejì títí dé kọ̀ǹpútà. Tí mo bá so ẹyọ kan, ó ń dáhùn geere, mo rí 218 fóòtì. Bí mo bá ti fi èkejì kún un báyìí, wàhálà dé, timeout (kò sí ìdáhùn lásìkò), ìgbà míì CRC error (ìdáhùn dé, àmọ́ ó ti dàrú). Mo ti ra kọ̀nfátà USB míì, owó ń lọ, onílé ò jẹ́ kí fóònù mi sinmi. Ṣé mítà ló ti bàjẹ́ ni?

BabaInverter: Mítà kankan ò bàjẹ́, àbúrò. Ṣé o yí àdírẹ́sì wọn, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan? Púpọ̀ nínú wọn, 1 ni wọ́n máa ń gbé wá látilé iṣẹ́. Ká ní ọmọ mẹ́fà ló wà nílé tí gbogbo wọn ń jẹ́ Táyé, o wá pe Táyé, gbogbo wọn á jọ dáhùn, kí lo fẹ́ gbọ́ níbẹ̀? CRC error tó ò ń rí nìyẹn. Tú gbogbo ẹ̀ kúrò, so ọ̀kan ṣoṣo, fún un ní 1, tú u, so èkejì, fún un ní 2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí o sì fi máàkà kọ ọ́ sára mítà o! Èmi sọ pé orí mi á gbà á nígbà kan, ni mo bá ń ka iná ìyá aláṣọ ìsàlẹ̀ mọ́ bàbá òkè lọ́rùn, ìjà ọjọ́ yẹn ò ṣe é sọ.

OmoOnina: Haa! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó, 1 ni gbogbo wọn lóòótọ́ 😩 Nọ́ńbà wo ni mo lè lò?

Waya_to_gun: 1 dé 247. Má lo 0, ti gbogbo ilé nìyẹn, tí kọ̀ǹpútà bá fi 0 ránṣẹ́ gbogbo wọn á gbọ́ ṣùgbọ́n ẹnì kan ò ní fèsì. Baud rate (bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yára lọ lórí wáyà) àti parity (àmì tí wọ́n fi ń yẹ àṣìṣe wò) gbogbo wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ẹ tún wò ó, mítà míì wà tó jẹ́ pé hex (ìṣirò tó ń ka nǹkan ní mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún dípò mẹ́wàá-mẹ́wàá) ló fi ń kọ àdírẹ́sì sójú ẹ̀, 10 tẹ́ ẹ rí yẹn, 16 ni lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà. Òmíràn sì wà, tẹ́ ẹ bá yí i tán àfi kẹ́ ẹ paná ẹ̀ kẹ́ ẹ tún tàn án kó tó gbà.

IyaSolar: Àwọn tó ní sùíṣì kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńkọ́? 1, 2, 4, 8 ni wọ́n sábà máa ń kà á, ẹni tó fẹ́ 5 á tan ìkíní àti ìkẹta. Èmi tan ìkarùn-ún, mo di 16, mo fi odindi ọ̀sán kan wá a.

OmoOnina: Ẹ ṣé gan-an. Márùn-ún ti ń dáhùn, ó ku ìkẹrin, kò sọ nǹkan kan.

BabaInverter: Yí A àti B ẹ̀ padà wò.

OmoOnina: Ó ti dáhùn! 221 fóòtì.