Ọkọ̀ onígáàsì ní Àbújá: ẹ wá sọ ohun tí ẹ mọ̀

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, Kubwa

Ẹ̀yin ará wa ní Àbújá àti Mararaba, ẹ kú ìdúró nínú oòrùn. Láti ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí 2023, tí Ààrẹ Tinubu ti kéde níbi ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, kò síbi téèyàn dúró sí, ìbáà ṣe gáréèjì Jabi tàbí abẹ́ afárá Berger, tí wọn kò ní máa jiyàn lórí ohun tí ọkọ̀ yóò máa jó lọ́jọ́ iwájú. Àwọn kan ní gáàsì ni, àwọn kan ní iná mànàmáná, àwọn mìíràn ní ọkọ̀ ojú irin. Ariwo náà ti pọ̀ jù. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí délẹ̀ ni kó bá wa sọ̀rọ̀: eélòó ni, kí ni wọ́n ń so mọ́ ọkọ̀, kí ló sì máa ń bàjẹ́? Ẹ fi òṣèlú sílẹ̀ ná, a ó padà kàn án.

Oníṣirò, Gwarinpa

Owó ni kí á kọ́kọ́ kà. Iye oṣù Ọ̀wàrà 2024 ni mo ń lò, torí ìgbà náà ni bẹntiróòlù kọjá ₦1,000 níbí: NNPC gbé e láti ₦897 dé ₦1,030 fún lítà kan ní Àbújá. Gáàsì CNG, ìyẹn gáàsì àdáyébá tí wọ́n fún mọ́ra, ń lọ ní ₦230 nígbà náà fún scm kan (kúbíkì mítà gáàsì kan). Ẹ fi iye tòní rọ́pò wọn, bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ kò yàtọ̀. Scm kan ń ṣe iṣẹ́ lítà bẹntiróòlù 1.1 tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Takisí tó ń jó lítà 20 lójúmọ́ ń ná ₦20,600. Lórí gáàsì, scm 18 ni yóò jó, ìyẹn ₦4,140. Ohun tó ṣẹ́kù sápò awakọ̀ lójúmọ́ jẹ́ ₦16,460. Bí wọ́n bá gba ₦1,200,000 lọ́wọ́ rẹ̀ láti yí ọkọ̀ náà padà, ọjọ́ iṣẹ́ 73 ni yóò fi rí owó rẹ̀ kó. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ti Lugbe lọ sí Area 1, tí kì í jó ju lítà 5 lọ lójúmọ́, ₦4,115 péré ló ń jàǹfààní. Ọjọ́ iṣẹ́ 292 ni yóò fi dọ́gba, ó sì ju ọdún kan lọ, torí kì í lọ síbi iṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀. Ìdí nìyí tí iyàn yìí kì í fi í tán. Onítakisí àti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kò gbé ẹrù kan náà.

Mẹkáníìkì, Dei-Dei

Ìṣirò yín péye, sà, àmọ́ ẹ́ńjìnnì tó pé ni ẹ fi ṣe é. Púpọ̀ nínú takisí tí ń ná Nyanya sí Berger ni kò pé. Gáàsì kì í tètè gbaná bíi bẹntiróòlù, nítorí náà púlọ́ọ̀gì tó ti jẹ àti kọ́ìlì tó ti rẹ̀, tí wọ́n ń tiro lórí bẹntiróòlù, yóò dákú pátápátá lórí gáàsì. Ọkọ̀ á máa já, á máa gbọ̀n, wọ́n á ní kíìtì, ìyẹn àwọn ohun èlò gáàsì tí wọ́n so mọ́ ọkọ̀, ni kò dára. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí wọ́n wọn kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n ẹ́ńjìnnì, ìyẹn bó ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. Kí wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, kí wọ́n sì mú ẹnu rẹ̀ súnmọ́ra, mìlímítà 0.8 dípò 1.1. Kí wọ́n pààrọ̀ asẹ́ afẹ́fẹ́, kí wọ́n sì rí i pé omi rédíétọ̀ kì í jò.

Omi yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Nínú sílíńdà gáàsì tó wà ní búùtù, bar 200 ni ìfúnpá gáàsì. Rẹ́gúlétọ̀ ló ń rọ̀ ọ́ wálẹ̀ sí bíi bar 2 kó tó dé ẹ́ńjìnnì. Bó ṣe ń rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń tutù nini, débi pé yìnyín lè bo rẹ́gúlétọ̀ nínú oòrùn Àbújá. Omi gbígbóná láti ara ẹ́ńjìnnì la fi ń mú un móoru. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lórí bẹntiróòlù láàárọ̀, tí yóò sì fúnra rẹ̀ bọ́ sórí gáàsì bí omi náà bá gbóná dé nǹkan bíi dígíríì 40. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ń padà sórí bẹntiróòlù ṣáá lójú ọ̀nà, omi ni kó kọ́kọ́ wò. Kí rẹ́gúlétọ̀ sì wà níbi tó relẹ̀ ju orí rédíétọ̀ lọ, kí afẹ́fẹ́ má baà há sínú rẹ̀.

Páìpù irin tó ń ti búùtù bọ̀ níwájú gbọ́dọ̀ jìnnà sí sàlẹ́ńsà. Kí wọ́n ká a bíi sípíríǹgì ní orí rẹ̀ méjèèjì, kí gbígbọ̀n ọkọ̀ má baà ṣẹ́ ẹ. Ihò tí wọ́n ń lu sára mánífóòlù (páìpù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì) fún gáàsì gbọ́dọ̀ sún mọ́ ojú ibi tí bẹntiróòlù ń gbà wọlé, kí rọ́bà tó ń gbé gáàsì lọ sínú ihò kọ̀ọ̀kan sì gùn dọ́gba. Bí ọ̀kan bá gùn ju èkejì lọ, ẹ́ńjìnnì ò ní dúró jẹ́ẹ́ láé. Bí wọ́n bá so ó tán, omi ọṣẹ ni wọ́n fi ń wo gbogbo oríkèé rẹ̀ bóyá ó ń jò. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, kí wọ́n fi wọn iye gáàsì tí yóò máa wọlé. Ẹni tó bá da kọ́kọ́rọ́ lé yín lọ́wọ́ láìṣe èyí kò tíì parí iṣẹ́. Agbára ọkọ̀ á dín ní nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tàbí kó lé díẹ̀, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lára bí ẹ bá kó èrò mẹ́rin gun òkè Mpape.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, Kubwa

Ọkọ̀ onígáàsì tó bú gbàù ní Benin ńkọ́? Ìyàwó ilé ò gbà kí ohun tó ń jẹ́ gáàsì wọ búùtù.

Òṣìṣẹ́ ààbò, Idu

Ní oṣù Ọ̀wàrà 2024 ni. Àwọn tó ń darí ètò CNG ti Ààrẹ sọ pé sílíńdà tí wọ́n jó pọ̀ ni, kì í ṣe ojúlówó sílíńdà CNG. Gáàsì ìdáná inú sílíńdà ilé kì í sábà kọjá bar 10. Ẹni tó bá fi irú sílíńdà bẹ́ẹ̀ gba bar 200, ó ti pe ikú wá sílé. Kò sí wẹ́dà tó mọṣẹ́ débi kó jó sílíńdà CNG, nítorí ibi tí iná bá kàn, irin ibẹ̀ ti dẹ̀.

Ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sọ́rùn sílíńdà kí ẹ tó sanwó: ISO 11439, bar 200, iye lítà, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí yóò dópin. Bí wọ́n bá ti kun ún bo ìkọ̀wé náà, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Bóòtù tó dì í mú gbọ́dọ̀ gba inú irin ilẹ̀ ọkọ̀ kọjá, kí pẹlẹbẹ irin sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá kọlu nǹkan lè já bóòtù lásán. Bí ẹ bá ń gba gáàsì sínú ọkọ̀, kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀. CNG fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, òkè ló ń lọ bó bá jò, kì í sùn sílẹ̀ bíi gáàsì ìdáná. Nítorí náà, bí ẹ bá gbóòórùn rẹ̀, ẹ ṣí gbogbo fèrèsé, kí ẹnikẹ́ni má sì tan ọkọ̀. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá ilé.

Ẹni tó ń ta gáàsì, Gwagwalada

Ohun kan ò sí nínú ìṣirò bọ̀dá Gwarinpa: ìlà. Sílíńdà lítà 60 yẹ kó gba bíi scm 14 bó bá kún dé bar 200. Takisí tó fẹ́ jó 18 á gbà á lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, gbogbo wákàtí tó bá sì fi tò, èrò ń bá ẹlòmíràn lọ.

Kì í sì í fìgbà gbogbo kún. Gáàsì tó sáré wọlé máa ń gbóná, torí náà mítà ìfúnpá tó fi 200 hàn lọ́sàn-án oṣù Ẹrẹ́nà lè wálẹ̀ sí 175 bó bá tutù. A ò rẹ́ yín jẹ. Scm tó wọlé nìkan lẹ sanwó rẹ̀. Èyí tó burú jù ni ti tírélà. Ibùdó tí ọ̀pá gáàsì ò dé ń gba gáàsì látinú tírélà, bí tírélà bá sì ṣe ń gbẹ ni ìfúnpá rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ dé gba bar 200, àwọn tó kẹ́yìn gba 120, àfi bí ẹ̀rọ tó ń tì í bá wà, dísù sì ni púpọ̀ nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń jó. Tírélà onísílíńdà irin ń kó bíi scm 4,000 sí 5,000. Kò kọjá ọkọ̀ irínwó.

Ará Wuse

Ibi tí òṣèlú ti wọlé gan-an nìyẹn. Gáàsì ti ń gba inú ọ̀pá láti Oben ní ìpínlẹ̀ Ẹdó dé Ajaokuta tipẹ́. Ọ̀pá tí yóò gbé e kọjá síbí ni ti Ajaokuta sí Kaduna sí Kano, kìlómítà 614, ìbú rẹ̀ íńṣì 40, tí Ààrẹ Buhari ṣí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Òkúdù 2020. Kí gáàsì tó gba inú ẹ̀ dé ibùdó wa, tírélà ló kù. Ní ọjọ́ 31 oṣù Agẹmọ 2023, Ààrẹ ṣèlérí ₦100 bílíọ̀nù fún bọ́ọ̀sì onígáàsì 3,000 tó ń gbé èrò 20. Lójú tèmi, ibùdó ló yẹ kó ṣáájú bọ́ọ̀sì.

Ọkọ̀ ojú irin inú ìlú náà, wọ́n ṣí i ní oṣù Agẹmọ 2018, ó dúró ní 2020, wọ́n tún ṣí i ní ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí 2024. Ó dé Kubwa, ó dé pápákọ̀ òfuurufú. Kò dé Nyanya àti Mararaba, níbi tí èrò ti ń jà sí bọ́ọ̀sì láàárọ̀. Mararaba sì wà ní ìpínlẹ̀ Nasarawa: mínísítà Àbújá ò láṣẹ níbẹ̀, gómìnà Nasarawa ò sì láṣẹ lórí òpópónà lẹ́yìn ààlà.

Oníṣirò, Gwarinpa

Òótọ́ ni ti ìlà, mo gbà. Iná ńkọ́? Iná Band A, ti àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, jẹ́ ₦209.5 fún yúníìtì kan ní oṣù Agẹmọ 2024. Ọkọ̀ oníbátìrì kékeré ń jẹ bíi yúníìtì 18 fún kìlómítà 100, ìyẹn ₦3,771. Bẹntiróòlù tó bá jó lítà 10 fún ọ̀nà yìí kan náà jẹ́ ₦10,300, gáàsì scm 9 jẹ́ ₦2,070. Ẹni tí kò bá sí ní Band A, kó má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ á jẹ èrè náà tán.

Mẹkáníìkì, Dei-Dei

Kí n fi ẹyọ kan kún un, torí ó ń ba ọkọ̀ jẹ́ púpọ̀. Bí wọ́n bá ti bọ́ sórí gáàsì, àwọn awakọ̀ kì í ra bẹntiróòlù mọ́. Nínú ọkọ̀ púpọ̀, pọ́ǹpù inú táǹkì ṣì ń yí nígbà tí gáàsì ń ṣiṣẹ́, bẹntiróòlù tó rì sí ló sì ń tù ú lára. Bí táǹkì bá gbẹ, pọ́ǹpù á jó, ọkọ̀ ò sì ní tan láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kí bẹntiróòlù tó tó ìdá kan nínú mẹ́rin táǹkì máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, kí ẹ sì máa wakọ̀ díẹ̀ lórí bẹntiróòlù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹnu ínjẹ́tọ̀ rẹ̀ má baà dí.