Drone mi tó ń yípo: ó ti yanjú o

Ẹ kú àdúrótì mi. Ẹ rántí drone àtòpọ̀ mi, tí mo ní ó máa ń yípo lókè bí òòyì tó bá ti wọ Loiter, ìyẹn ètò tó yẹ kó fi GPS dúró sójú kan fúnra rẹ̀? Motor kọ́, bátìrì kọ́. Kọ́ńpáàsì ni, ìyẹn ohun tó ń sọ ibi tí drone kọjú sí fún un.

Wáyà bátìrì ló gba abẹ́ kọ́ńpáàsì kọjá. Bí iná inú wáyà bá ti pọ̀, agbára òòfà rẹ̀ á ṣi kọ́ńpáàsì lọ́nà. Ìdí nìyẹn tí kò fi ní ṣe nǹkan kan nílẹ̀, àfi tó bá gbéra. Mo gbé kọ́ńpáàsì àti GPS sórí ọ̀pá kékeré, mo lọ́ wáyà pupa àti dúdú mọ́ra, mo wá tún kọ́ńpáàsì tò (calibrate) ní pápá gbalasa kan ní Ọbáńtokò, jìnnà sí ọkọ̀ àti kọnkéré onírin. (Ẹ má ṣe é lórí dẹ́kìn ilé yín o!)

Nílé, mo ti yọ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kí n tó dán rìmóòtù wò. Ní pápá, láàárọ̀ kùtù, Stabilize (ètò tí mo fi ọwọ́ ara mi darí rẹ̀) ni mo fi gbé e, torí ìyẹn kò nílò GPS. Lẹ́yìn náà ni mo bọ́ sí Loiter, ìka mi ṣì wà lórí swíìṣì tó ń pààrọ̀ ètò. Ó dúró gbọin. Àwọn ọmọ tó ń wòran ló yọ mí lẹ́nu jù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n ra motor tuntun, ẹ ṣeun, owó ṣì wà lápò mi.