Ẹran tó ní etí yíya

Ọmọ ọdẹ ni mí. Ìgbòho ni bàbá mi ti dẹ̀gbẹ́ dàgbà. Lọ́dọ̀ wa, ẹran tó bá ti yọjú ti di ti ọbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin ọdẹ Texas, ní Amẹ́ríkà, fi kọ́kọ́ bí mi nínú.

Lóṣù Kọkànlá ọdún tí mo kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ ọdẹ, èmi àti bàbá arúgbó tó ni ilẹ̀ wà lórí ègùn ní Colorado County, káúńtì kan (bí ìjọba ìbílẹ̀) ní Texas. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Akọ àgbọ̀nrín onírù funfun kan jáde, ó ń ṣa èso óákù jẹ, ìwo rẹ̀ ti pẹ̀ka mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì. Mo ti gbé ìbọn léjìká nígbà tí bàbá fọwọ́ kàn mí: "Wo etí rẹ̀." Ẹran náà gbórí sókè, ó na etí méjèèjì. Ti òsì ya. Ìwo kò sì yọ kọjá etí.

Òfin ní kí àlàfo àárín ìwo tó bá ti pẹ̀ka lápá méjèèjì tó ínṣì 13 kí a tó pa á. Etí tó bá nà súnmọ́ ìwọ̀n yẹn, òun la fi ń wọ̀n ọ́n lókèèrè. Káúńtì 6 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2002, torí àwọn ọdẹ ń pa àwọn akọ tí kò tíì ju ọmọ ọdún kan àbọ̀ lọ. Ọdọọdún ni ìwo wọn ń bọ́ tí òmíràn ń hù (ti ilé wa kì í bọ́), ó sì di bí ọdún márùn-ún kí ìwo tó gbó dáadáa.

Mo sọ ìbọn kalẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Ṣùgbọ́n òfin kan náà gbà kí a pa akọ tí ìwo rẹ̀ kan kò bá pẹ̀ka. Nírọ̀lẹ́, ọ̀kan tí ìwo rẹ̀ rí ṣóńṣó láìní ẹ̀ka jáde, mo yìn ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé òfin yìí ń fi ebi ẹran pa ọdẹ, ẹran yẹn la jẹ dé Kérésìmesì.

Bàbá mi bínú lórí fóònù nítorí èyí tí mo jẹ́ kó lọ: "Ṣé o so ó mọ́lẹ̀ ni, tí o fi mọ̀ pé yóò padà wá?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Ọdún kẹta, lábẹ́ óákù kan náà, akọ kan gbórí sókè. Ìwo yọ síta etí lọ́tùn-ún lósì, etí òsì sì ya. Mo yìnbọn, mo gé tíkẹ́ẹ̀tì ẹran lára ìwé àṣẹ mi, mo so ó mọ́ ọn lára, mo sì pe Ìgbòho.