Kí n tó ṣí ìlẹ̀kùn, ta ló ni ín?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ ò le, pé kéèyàn ṣá ti ní báìsì àti fáìlì, ẹ wá jókòó tì mí ní Ìgbọ̀nà, l’Óṣogbo níbí, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan kẹ́ ẹ wá wo nǹkan. Kọ́kọ́rọ́ gígé ò le lóòótọ́, ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá gidi tó sì ṣe fírídọ́ọ̀mù ti mọ̀ ọ́n gé. Ibi tó le ni pé ta ló ni ìlẹ̀kùn tí wọ́n wá pè ẹ́ sí yẹn.

Bọ̀bọ́ kan wá pè mí lọ sí Òkè Baálẹ̀, àdúgbò táwọn ọmọ yunifásítì Uniosun ń gbé, ó ní kọ́kọ́rọ́ yàrá òun ti sọnù. Ó múra dáadáa, ó ń sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí, ó tiẹ̀ fẹ́ fowó ránṣẹ́ sí àkáǹtì mi ká tó débẹ̀. A dé ẹnu ọ̀nà, mo ní kó bá mi pe ẹnì kan nínú ilé tó mọ̀ ọ́n. Ó ní gbogbo wọn ti lọ kíláàsì. Mo ní kò burú, kí ni màá kọ́kọ́ rí tí mo bá ṣílẹ̀kùn? Ló bá ń wo àjà. Mo palẹ̀ irinṣẹ́ mi mọ́ jàre. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì níwájú ilé ló wá sọ fún mi pé ọmọbìnrin kan ló ń gbé yàrá yẹn, àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ jà ni.

Ti ọṣẹ tún wà. Ẹlòmíì á mú ọṣẹ wá, wọ́n ti tẹ kọ́kọ́rọ́ sí i lára, ó ní kí n bá òun gé irú ẹ̀. Ṣé ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ ló máa ń tẹ̀ ẹ́ sínú ọṣẹ? Onílé náà á wá, ayálégbé jẹ ẹ́ lówó, ó fẹ́ kí n pààrọ̀ lọ́ọ̀kì tí onítọ̀hún bá ti lọ síbi iṣẹ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé kóòtù ló ń lé ayálégbé, kì í ṣe èmi. Wọ́n á bínú lọ, wọ́n á wá ẹlòmíì, ìyẹn ò kàn mí.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti àpótí baba kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Baba ti kú, ẹbí ti pé, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ àpótí wà, oníkálukú sì ń wo ara wọn níwòkuwò. Mo ní tí gbogbo ọmọ ò bá pé, mi ò fọwọ́ kàn án o. Wọ́n ní ó ku ọ̀kan tó wà ní Iléṣà, mo ní kó máa bọ̀, a dè é títí di ọ̀sán. Lọ́ọ̀kì ayé àtijọ́ ni, kò dà bíi tòde òní tó jẹ́ pé pín-ìn márùn-ún ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀ tí kọ́kọ́rọ́ á gbé wọn dọ́gba kó tó yí. Àbẹ́là ni mo tàn, mo fi èéfín ẹ̀ kun bùláǹkì, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ tí wọn ò tíì gé, títí tó fi dúdú, mo tì í bọ̀ ọ́, mo rọra yí i, mo yọ ọ́. Ibi tí èéfín bá ti nù kúrò ni ibi tó ti ń há, ibẹ̀ ni màá fáìlì. Mo fáìlì, mo tún fi èéfín kùn ún, mo tún tì í bọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ní pálọ̀. Bó ṣe ké “kọ́” báyìí, ìyàwó àgbà ló kọ́kọ́ dìde. Agbádá àti fọ́tò ló wà lókè, ìwé ilẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ìjà bẹ̀rẹ̀ lórí ìwé ilẹ̀, èmi ti gbowó mi, mo ti ń lọ.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ṣá ni kí n ṣílẹ̀kùn ní ìṣẹ́jú méjì, kí oníbàárà ní kí n dín ₦5,000 tí mo pè kù torí pé kò pẹ́. Ṣé kí n jókòó síbẹ̀ kí n máa díbọ́n ni? Ẹ sì yé da ọ́ìlì mọ́tò sí lọ́ọ̀kì yín, eruku ló máa ń bá a lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀, lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsùlù ni kẹ́ ẹ lọ̀ sí i.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Dada Estate lèmi ń gbé. Mo jáde lọ sá aṣọ, atẹ́gùn gbá ìlẹ̀kùn pa mọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta nínú ilé, ọbẹ̀ sì wà lórí gáàsì. Ẹni tí wọ́n pè wá ò bi mí ní nǹkan kan, ọmọ tó ń sunkún ti tó. Ìgbà tó ṣí i tó pa gáàsì tán ló wá ń bi mí pé ìyá ọmọ yìí dà. Mo ní èmi ni. Ó ní kí n jẹ́ kọ́mọ pè mí kóun gbọ́. Mo kọ́kọ́ bínú o, mo tún wá ń rẹ́rìn-ín.

*

Èmi náà ń gé kọ́kọ́rọ́, Òkè-Fìà ni mo wà. Tèmi, mo máa ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sínú ìwé kí n tó ṣílé ẹnikẹ́ni, mo sì máa ń ya oníbàárà ní fọ́tò níwájú ìlẹ̀kùn. Ẹlòmíì á yarí pé ṣé olè lòun ni, ẹni tó bá sì yarí jù, mi ò kí ń ṣí tiẹ̀. Ọlọ́pàá ti wá bi mí léèrè rí, ìwé yẹn ló gbà mí. Ẹ̀gbọ́n Ìgbọ̀nà, bùláǹkì àpótí àtijọ́ yẹn, níbo lẹ ti ń rí i rà? Tèmi ti tán, ìyá kan sì ti gbé àpótí sílẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù mi.