Ẹ gbà mí o: ìwọ̀n táǹkì wo ló yẹ fún iyùn nínú ilé?

Bàbá Tómiwá (London):
Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí èmi àti ìyàwó mi ti ń fa táǹkì kan ṣoṣo mọ́ra wa lọ́wọ́. Táǹkì iyùn ni mo fẹ́ ṣe, ìyẹn coral alààyè inú òkun, kì í ṣe iyùn ọrùn. Ti omi iyọ̀ ni, kì í ṣe ti goldfish. Kọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdáná àtijọ́ inú ògiri ni mo fẹ́ gbé e sí, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé àtijọ́ níbí mọ irú rẹ̀. Láti ògiri dé ògiri, 95 sẹ̀ǹtímítà ni. Torí náà mo ní kí ó jẹ́ 90 ní gígùn, 45 láti iwájú dé ẹ̀yìn, 75 ní gíga. Ìyàwó mi ní ó jọ pósí tí wọ́n gbé nàró. Ẹ gbọ́ o, pósí!

Ìyẹn nìkan kọ́. Ẹni tó ń kan táǹkì sọ pé gálọ́ọ̀nù 67 ni yóò gbà. Mo ṣírò rẹ̀ lórí fóònù, 80 ni mo rí. Ta ló gbé gálọ́ọ̀nù 13 lọ? Nígbà tí mo béèrè, ńṣe ló ń dá mi lóhùn bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀. Kábínẹ́ẹ̀tì funfun ni mo fẹ́, ìyàwó mi ní dúdú. Àbúrò rẹ̀ tí kò sin adìyẹ rí náà ti dá sí i. Ẹ bá mi dá a: ṣé ìwọ̀n yìí dára àbí kò dára?

Ìyá Òkun (Houston):
Kò sẹ́ni tó jà yín lólè. Gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà jẹ́ lítà 3.785, ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 4.546. Ẹ fi 90 lọ́nà 45 lọ́nà 75, kí ẹ pín in sí 1,000: lítà 304 ni. Ìyẹn jẹ́ 80 lọ́dọ̀ wa, 67 lọ́dọ̀ yín. Ẹ padà lọ bẹ ọkùnrin náà.

Láti òní lọ, lítà ni kí ẹ máa fi ṣírò. Àti pé 304 yẹn, ti ìta gíláàsì ni. Ẹ yọ nínípọn gíláàsì, ẹ yọ àyè tí omi kì í dé lókè, ẹ yọ àpáta àti yanrìn: nǹkan bí 240 ni omi tó máa wà níbẹ̀. Òun ni ẹ ó fi wọn iyọ̀, òun náà ni ẹ ó fi wọn ohunkóhun tí ẹ bá ń dà sí i. Ẹni tó bá fi 304 wọ̀n ọ́n ti fi ìdá kan nínú mẹ́rin lé e.

Ẹlẹ́ja Manchester:
Gíga 75 yẹn ni mo fẹ́ bá yín jà lé lórí, Bàbá Tómiwá.

Ẹ dúró, kí ẹ na apá yín sísàlẹ̀, kí ẹ ní kí ẹnì kan wọ̀n ọ́n láti abíyá dé ṣóńṣó ìka. Àgbàlagbà púpọ̀ kì í ju 65 lọ. Táǹkì 75 lórí kábínẹ́ẹ̀tì 80, etí rẹ̀ wà ní 155 sí ilẹ̀. Orí àga ni ẹ ó máa gùn, ẹ ó ti apá bọ̀ ọ́ títí aṣọ yóò fi tutù dé abíyá, ìka yín yóò sì máa wo iyùn tó ṣubú sórí yanrìn láìkàn án. Ohun tí ọwọ́ kò tó, kò sẹ́ni tó ń fọ̀ ọ́.

Ẹ̀ẹ̀kejì, omi ń jẹ ìmọ́lẹ̀. Iná LED tó tó fún gíga 45 yóò ti rẹ̀ kó tó dé ìsàlẹ̀ 75. Ẹ ó wá ra iná tó lágbára jù, iyùn òkè yóò jóná, ti ìsàlẹ̀ yóò sì máa ṣàárẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, gíga ni ó ń pinnu bí omi ṣe ń ti gíláàsì ní ìsàlẹ̀, kì í ṣe bí omi ṣe pọ̀ tó. Fún 75, mílímítà 12 ni pẹ̀lú gíláàsì ìdè tó yí etí òkè ká. Bí ẹ kò bá fẹ́ ìdè, 15. Fún 45, mílímítà 10 tó láìsí ìdè kankan.

Ìbú 45 yẹn náà kò tó. Ẹ yọ gíláàsì iwájú àti ẹ̀yìn, ẹ fi 10 sílẹ̀ lẹ́yìn àpáta kí omi lè yí ká, ẹ fi 12 sílẹ̀ níwájú kí mágínẹ́ẹ̀tì tí a fi ń nu gíláàsì lè kọjá. Kí ló kù? 20. Orí 20 yẹn ni gbogbo iyùn yóò ti máa du àyè. Galaxea, irú iyùn kan, lè na okùn tó fi ń ta nǹkan kọjá 15 sẹ̀ǹtímítà lóru. Ilẹ̀ á mọ́, aládùúgbò rẹ̀ á ti funfun.

Tèmi ni: 90 × 60 × 45. Lítà 243. Ojú omi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé fi ìdá kan nínú mẹ́ta ju tiyín lọ.

Sọjí (Lekki):
Ẹ̀gbọ́n Manchester sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ojú omi tó fẹ̀ ń fa ìṣirò mìíràn tí wọn kò sọ. Bí iná bá lọ, pọ́ǹpù á dúró, omi á sì máa gba inú páìpù tó ń gbé e gòkè fà padà sínú sump, àpótí omi kejì tó wà nísàlẹ̀ táǹkì, títí ẹnu páìpù yóò fi mí. Lójú omi 90 × 60, sẹ̀ǹtímítà kan jẹ́ lítà 5.4. Bí ẹnu páìpù bá rì ní 4, lítà 21 àti ààbọ̀ ló ń bọ̀ nísàlẹ̀, láì ka ti inú páìpù. Ẹ fi àyè lítà 30 sílẹ̀ lófìfo nínú sump. Ẹ lu ihò kékeré sí páìpù náà lábẹ́ ojú omi díẹ̀ kí ó máa gba afẹ́fẹ́, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò, torí ìdọ̀tí máa ń dí i. Ẹ má gbọ́kàn lé fáàfù tó ń dí omi lọ́nà nìkan. Ìgbín òkun kan ṣoṣo tó láti há sínú rẹ̀ kó má lè pa dé.

Gbénàgbénà (Leeds):
Ilẹ̀ wo ni ẹ fẹ́ gbé e sí? Ìsàlẹ̀ ni àbí òkè?

Ìyá Òkun (Houston):
Sọjí, London ni ó wà o, kì í ṣe Lekki. Iná kì í lọ níbẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Sọjí (Lekki):
Pọ́ǹpù kì í bàjẹ́ ní London ni? Wọn kì í yọ páìpù láti fọ̀ ọ́ ni? Omi kò mọ ìlú tó wà, mà.

Bàbá Tómiwá (London):
Ẹ ṣeun. Ti gálọ́ọ̀nù ti yé mi, màá pè é. Ṣùgbọ́n apá mi gùn o, ẹ̀yin ni ẹ kò mọ̀ mí. Gíga yẹn ló fún un lẹ́wà, ibẹ̀ ló ti ń jọ òkun. 90 × 60 × 45 dà bí àwo ìfọṣọ lójú mi. Kò sì sẹ́ni tó dáhùn ọ̀rọ̀ kábínẹ́ẹ̀tì.

Ìyá Òkun (Houston):
Àbúrò, a ò tíì mọ ẹja tó ń bọ̀, ẹ ń sọ̀rọ̀ ọ̀dà. Gígùn táǹkì, ẹja ló ń yàn án. Ẹja wo ni?

Bàbá Tómiwá (London):
Clownfish méjì. Àti èyí tó búlúù tó ní ìrù yẹ́lò, ọmọ mi ti sọ ọ́ lórúkọ. Méjì péré ni ti ìyẹn náà.

Ẹlẹ́ja Manchester:
Blue tang. *Paracanthurus hepatus*. Háà.

Bí owó ẹyọ ló ṣe kéré nígbà tí wọ́n ń tà á, ṣùgbọ́n ó ń dàgbà dé nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà. Nínú 90, ìlọ́po mẹ́ta ara rẹ̀ ni gbogbo ayé rẹ̀. Ẹja tó ń sáré ni, kì í dúró. Bí kò bá rí ibi sáré, ara rẹ̀ kì í balẹ̀: á máa fara pamọ́, àìsàn tó ń yọ àmì funfun-funfun á bò ó lára, torí pé àìsàn yẹn ló tètè ń mú un. Mítà 1.8 ni gígùn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Méjì nínú 90? Rárá.

Fún 90, ẹja kéékèèké ni: clownfish méjì, royal gramma kan, goby kan, firefish kan bí ẹ bá ní ìbòrí alásẹ́, torí firefish a máa fò jáde.

Ìyá Òkun (Houston):
Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn. Ẹ bá ọmọ sọ ọ́ kí ẹ tó rà á, kì í ṣe lẹ́yìn ìgbà tó bá ti jókòó tì í.

Gbénàgbénà (Leeds):
Mo tún ń béèrè. Ìsàlẹ̀ ni àbí òkè?

Bàbá Tómiwá (London):
Òkè ni, yàrá tí mo fi ń ṣiṣẹ́. Kí ló kàn án? Àwọn tó ní bẹ́ẹ̀dì ńlá lókè ńkọ́?

Gbénàgbénà (Leeds):
Ó kàn án gan-an. Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Omi lítà 240, iyọ̀ wà nínú rẹ̀, kílò 246. Gíláàsì mílímítà 12, 73. Àpáta 25, yanrìn 18, kábínẹ́ẹ̀tì 50, sump pẹ̀lú omi rẹ̀ 75. Ó ń lọ sí 490. Gbogbo rẹ̀ jókòó lórí ilẹ̀ 90 × 45, tí kò tó ìdajì mítà onígun mẹ́rin. Ilẹ̀ yàrá nínú ilé gbígbé ní Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí kílò 150 lórí mítà onígun mẹ́rin kan ni wọ́n fi ń ṣírò ẹrù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì fẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà síra, ẹni tó sùn lé e sì máa ń dìde. Táǹkì kì í dìde. Igi tó bá ru ẹrù kan náà lọ́sàn-án lóru fún ọdún márùn-ún máa ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Táǹkì á dagun, igun kan á gba ẹrù ju àwọn yòókù lọ, sílíkóónì tó lẹ gíláàsì pọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ya.

Kọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ ibi ìdáná ló tún wá léwu jù. Nílé àtijọ́, wọ́n máa ń gé àwọn igi tó gbé pákó ilẹ̀ ró, tí wọ́n ń pè ní joist, síwájú ibi ìdáná, wọ́n á so wọ́n mọ́ igi ìdábùú kan. Ẹ ò lè mọ èyí tó pé àti èyí tí wọ́n gé láìṣí pákó. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò, kí ẹ wo ìlà ìṣó: ìlà ìṣó ni joist, pákó sì máa ń dábùú rẹ̀. Bí ó bá di dandan kó wà lókè, kí gígùn táǹkì dábùú joist kí ó lè gun mẹ́ta, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sún mọ́ ògiri tó gbé ilé ró, kí onímọ̀ ẹ̀rọ ilé sì wá wò ó kó tó gba omi. Kì í ṣe lẹ́yìn náà.

Ẹlẹ́ja Manchester:
60 × 60 × 45 nígbà náà. Lítà 162, iná LED kan ṣoṣo bò ó, ẹrù rẹ̀ sì fúyẹ́.

Ìyá Òkun (Houston):
Kékeré ń dààmú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Omi díẹ̀, àṣìṣe díẹ̀, ikú púpọ̀. Ẹ má tì í síbẹ̀.

Ẹlẹ́ja Manchester:
162 kékeré ni?

Ìyá Òkun (Houston):
Lẹ́yìn àpáta, ó ń lọ sí 130. Bẹ́ẹ̀ ni, kékeré ni.

Gbénàgbénà (Leeds):
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jẹ́ ká gbọ́. Bàbá Tómiwá, ilẹ̀ kankan ò wà nísàlẹ̀ tó jẹ́ kọnkéré?

Bàbá Tómiwá (London):
Ó wà. Ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n fi kún ilé, tá a ti ń jẹun. Ibẹ̀ ni ìyàwó mi ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ògiri ibẹ̀ gùn tó mítà mẹ́ta, fèrèsé wà lódìkejì.

Ìyá Òkun (Houston):
Ẹ wá bẹ ìyàwó yín náà.

Gbénàgbénà (Leeds):
Bí oòrùn tààrà kò bá bọ́ sí i, ibẹ̀ ni. Ẹ lè ṣe 120 × 60 × 50 níbẹ̀.

Bàbá Tómiwá (London):
Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò tíì sọ. Mo ti san ìdajì owó. Mo pè é báyìí. Ó ti gé iwájú àti ẹ̀yìn, 90 × 75, mílímítà 12. Kò tíì gé ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀. Ó ní òun kò lè dá owó gíláàsì padà.

Ẹlẹ́ja Manchester:
Ẹ jẹ́ kó dúró níbẹ̀! Ẹ béèrè bóyá gíláàsì lásán ni, àbí èyí tí wọ́n ti fi iná sọ di líle. Ti líle kò ṣeé gé mọ́, á fọ́ yángá. Bí ó bá jẹ́ ti lásán, kó gé 30 kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹ ti ní iwájú àti ẹ̀yìn 90 × 45. Kó gé ìsàlẹ̀ 90 × 60, kó gé ẹ̀gbẹ́ tuntun bá a mu. Mílímítà 12 fún gíga 45, ó ju bó ṣe yẹ lọ, kò burú. Ẹ gba àjẹkù 90 × 30 méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ó fi pín inú sump.

Bàbá Tómiwá (London):
Ti lásán ni. Ó gbà. Ó ń béèrè ibi tí òun máa lu ihò sí, àti bó ṣe fẹ̀ tó.

Sọjí (Lekki):
Gíláàsì ẹ̀yìn, lókè, kì í ṣe ìsàlẹ̀. Bí ihò ìsàlẹ̀ bá jò, gbogbo omi ló ń lọ. Bí ti òkè bá jò, ó dúró níbi tí ihò wà. Ihò mẹ́ta: èyí tí omi ń gbà lọ, èyí tó ń dúró dè é bí ó bá dí, èyí tó ń gbé omi padà. Ẹ má fún un ní ìwọ̀n látorí. Ẹ kọ́kọ́ ra bulkhead, ohun tí a fi ń so páìpù mọ́ ihò gíláàsì, ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó fi wọ̀n ọ́n, torí oníkálukú ló ní ìwọ̀n tirẹ̀. Láti etí ihò dé etí gíláàsì, kó fi àyè tó tó fífẹ̀ ihò kan sílẹ̀.

Bàbá Tómiwá (London):
Ó ti yé mi. Blue tang ńkọ́, ṣé ẹyọ kan, tí ó bá ṣì kéré?

Ẹlẹ́ja Manchester:
Rárá.